Ìwà Àìtọ́ àti Ìjíhìn Lẹ́nu Iṣẹ́ Agbófinró: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè kan náà ni ó máa ń padà wá, yálà láti ẹnu ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ tàbí láti ẹnu ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. A kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó díjú.

Kí ni ìwà àìtọ́ túmọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ agbófinró?

Ìwà àìtọ́ ni ohunkóhun tí agbófinró bá ṣe, tàbí tí ó kọ̀ láti ṣe, tí ó lòdì sí òfin ilẹ̀, sí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ tàbí sí ìbúra tí ó ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń gbójú fò, irú bíi kí ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ sùn, ó sì lọ títí dé orí gbígba rìbá, fífi ìyà jẹ ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé, yíyí ẹ̀rí padà, àti pípa ènìyàn láìnídìí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1979, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà ìwà fún gbogbo agbófinró. Abala 8 péré ni ó ní, kò sì sí èyí tí ó ṣòro láti lóye nínú wọn: kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún iyì ọmọ ènìyàn, kí wọ́n má fi ìyà jẹni, kí wọ́n tọ́jú ìlera ẹni tí ó wà ní àhámọ́ wọn, kí wọ́n má gba rìbá, kí wọ́n sì máa fi ẹni tí ó bá rú ìlànà náà sùn.

Ṣé gbogbo àṣìṣe ni ìwà àìtọ́?

Rárá. Agbófinró tí ó wọ ilé onílé nítorí pé àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ kò tọ̀nà ti ṣe àṣìṣe. Èyí tí kò tilẹ̀ ka ìwé náà kí ó tó já ilẹ̀kùn ti ṣe àìbìkítà. Èyí tí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ilé náà, tí ó wọlé síbẹ̀, ti hu ìwà àìtọ́. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ lè tó fún ẹni àkọ́kọ́, ìbáwí tọ́ sí ẹnì kejì, ẹ̀kẹta sì gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí tàbí adájọ́.

Lójú tèmi, ohun tí ènìyàn kọ sílẹ̀ lẹ́yìn àṣìṣe ni ó máa ń fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn jùlọ. Ẹ wo ìwé pélébé tí ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sápò. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ìlà kan ṣoṣo ni kí ó fà lé e lórí, kí ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé kà, kí ó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan pa á rẹ́, kò gbọ́dọ̀ ya ojú ewé kankan, kò sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàrin ìlà tí ó lè padà wá fi ọ̀rọ̀ kún. Ìlànà náà gbà pé ènìyàn lè ṣì í kọ. Ohun tí kò gbà ni kí ó pa ojú ẹsẹ̀ àṣìṣe náà rẹ́.

Ìwọ̀n agbára wo ni agbófinró lè lò?

Ìwọ̀n tí ọ̀ràn náà béèrè, nígbà tí ó bá di dandan nìkan. Ní ìlú Havana ní ọdún 1990, àpérò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣàlàyé ti ìbọn ní pàtó: kò tọ́ kí agbófinró mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn pa ènìyàn àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti gbà á là. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́, kí ó sì kìlọ̀, bí ìkìlọ̀ náà kò bá ní dá ewu mìíràn sílẹ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè máa ń pẹ́ kí ó tó bá ìlànà yìí dọ́gba. Ní Memphis lọ́dún 1974, ọlọ́pàá kan yìnbọn lu ọmọ ọdún 15 ní ẹ̀yìn orí bí ó ti ń gun ọgbà sá lọ. Ọlọ́pàá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò rí ohun ìjà lọ́wọ́ ọmọ náà. Dọ́là 10 àti àpò obìnrin kan ni ọmọ náà jí gbé. Òfin ìpínlẹ̀ Tennessee fàyè gba ìbọn yẹn nígbà náà, ó sì di ọdún 1985 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà tó sọ pé kò tọ́ kí wọ́n yìnbọn pa ẹni tí ó ń sá lọ, àfi bí ìdí gúnmọ́ bá wà láti gbà pé ewu ńlá ni ó jẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ta ni ó ń ṣe ìwádìí agbófinró?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀ka ìbáwí tí ó wà nínú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ gba ẹjọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọn olùwádìí náà mọ iṣẹ́ dunjú. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀la lè kó olùwádìí àti ẹni tí ó ń wádìí sínú ọkọ̀ kan náà.

Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi dá àjọ tí ó dá dúró sílẹ̀. Northern Ireland ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní ọdún 2000, Kẹ́ńyà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, ti Gúúsù Áfíríkà tí ó wà báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ti England àti Wales sì yí padà sí bí ó ṣe wà lónìí ní ọdún 2018. Ní Nàìjíríà, òfin ilẹ̀ fún Police Service Commission ní agbára láti gba ọlọ́pàá síṣẹ́, láti bá a wí àti láti lé e kúrò, yàtọ̀ sí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú àjọ bẹ́ẹ̀ lágbára lóòótọ́, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ó ní àwọn olùwádìí tirẹ̀, ṣé ó lè fi dandan gba ìwé àti fídíò, ṣé ó sì pọn dandan kí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá dá a lóhùn nígbà tí ó bá dámọ̀ràn ìbáwí?

Kí ni kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kó jọ kí ó tó fi ẹjọ́ sùn?

Kí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó tó bá àwọn ẹlẹ́rìí yòókù sọ̀rọ̀: ọjọ́, aago, ibi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, orúkọ tàbí nọ́ńbà tí ó wà láyà aṣọ iṣẹ́, àti nọ́ńbà ọkọ̀. Kí ó ya àwòrán ojú ọgbẹ́ ní ọjọ́ náà, kí ó tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nítorí ara tí ó wú kì í tètè dúdú. Kí ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Bí fídíò bá wà, kí ó tọ́jú ojúlówó rẹ̀ láì gé e kúrú, nítorí ibi tí wọ́n gé kúrò gan-an ni agbẹjọ́rò ọlọ́pàá yóò béèrè.

Kí ó kọ ìwé ẹ̀sùn náà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé àwọn gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ẹ̀sùn tí a fi ẹnu lásán sọ rọrùn láti sọ nù.

Ṣé agbófinró tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ kankan?

Ó ní i. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn náà àti ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ fi tì í lẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti fèsì àti láti pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án jókòó láàrin àwọn tí yóò dá ẹjọ́ náà.

Ibi tí ó ti máa ń díjú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó sọ. Ọ̀gá lè pàṣẹ fún un pé kí ó ṣàlàyé ohun tí ó ṣe, kí ó sì lé e bí ó bá kọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1967 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ti sọ, nínú ẹjọ́ Garrity àti New Jersey, pé irú àlàyé tí ìbẹ̀rù ìpàdánù iṣẹ́ fà jáde bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lò mọ́ ọn nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Olùwádìí tí kò bá ya ìwádìí ìbáwí sọ́tọ̀ kúrò lára ìwádìí ọ̀daràn lè tipa bẹ́ẹ̀ ba ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jẹ́.

Kí ló dé tí ilé ẹjọ́ lè dá agbófinró sílẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́?

Nítorí pé ìwọ̀n ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè kò dọ́gba. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dájú débi pé iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání kankan kò ṣẹ́ kù, nítorí pé ẹ̀wọ̀n ni ó wà nídìí rẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni èwo nínú àlàyé méjèèjì ni ó jọ òtítọ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú.

Nítorí náà, ìdáláre nílé ẹjọ́ kò sọ pé ẹni náà yẹ láti máa gbé ìbọn ìjọba kiri. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ṣé ìwà tí agbófinró hù nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ kàn ẹnikẹ́ni?

Ó kàn gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2015, ẹnì kan fi sun àwọn ọlọ́pàá ní Kent pé ọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ láì wọ ṣòkòtò, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Wayne Couzens ni ó ni ọkọ̀ náà, ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ iléeṣẹ́ agbára átọ́míìkì sì ni nígbà yẹn. Wọ́n pa ìwádìí náà dé. Ní ọdún 2018, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù gbà á wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ó fi káàdì iṣẹ́ àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mú obìnrin kan tí ó ń rìn lọ sílé ní alẹ́, ó sì pa á. Ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú ni adájọ́ fi í sí.

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó tọ́ka nọ́ńbà ọkọ̀ yẹn ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ikú obìnrin náà.

Ṣé kámẹ́rà àyà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó ti ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń tẹ̀ ẹ́, ènìyàn náà ni ó sì gbọ́dọ̀ wò ó. Ní Baltimore ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ọlọ́pàá kan fi oògùn olóró sínú agolo kan láàrin pàǹtírí ní ẹ̀yìnkùlé, ó jáde sí òpópónà, ó tan kámẹ́rà rẹ̀, ó sì padà wọlé bí ẹni tí ń wá nǹkan títí ó fi “rí” i. Ohun tí ó gbàgbé ni pé kámẹ́rà náà máa ń pa ìṣẹ́jú àáyá 30 tí ó ṣáájú títàn rẹ̀ mọ́, láìsí ohùn. Gbogbo bí ó ṣe fi oògùn náà pamọ́ ni ó wà nínú fídíò. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 2018.

Ẹ wá wo ìdàkejì rẹ̀. Ní Minneapolis ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, kámẹ́rà ká ọlọ́pàá kan tí ó ń jẹ́ Derek Chauvin bí ó ti fi iná ìléwọ́ lu ọmọ ọdún 14 lórí, tí ó sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 17. Fídíò náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí ó fi orúnkún tẹ ọkùnrin kan, George Floyd, mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ó lé, tí ó sì kú. Àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró.

“Ọ̀gá mi ni ó pàṣẹ.” Ṣé àwíjàre ni?

Ní ti ìfìyàjẹni, rárá. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lòdì sí ìfìyàjẹni, ti ọdún 1984, sọ ọ́ gbangba pé àṣẹ ọ̀gá kò lè jẹ́ ìdí fún un, bẹ́ẹ̀ ni ogun tàbí rògbòdìyàn ìlú kò lè jẹ́. Ìlànà Havana tún fi kún un pé ọ̀gá tí ó pàṣẹ tí kò bófin mu yóò jíhìn pẹ̀lú ẹni tí ó ṣe é, àti pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ẹni tí ó kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó dúró wòran ńkọ́?

Ó lè jẹ̀bi. Ọlọ́pàá mẹ́ta mìíràn ni ó wà níbi tí Floyd ti kú. Méjì nínú wọn kò tíì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́nu iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá gidi, Chauvin gan-an sì ni ó ti ń kọ́ ọ̀kan nínú wọn níṣẹ́. Èkejì béèrè bóyá kí àwọn yí ọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Chauvin ní rárá. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi pé wọn kò ṣe ìtọ́jú fún ẹni tí ó wà lọ́wọ́ wọn, títí kan èyí tí ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ọmọ iṣẹ́ láti ti ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kúrò. Ìdí gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n máa fi í dánra wò nílé ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń fi ìbọn yíyìn dánra wò.

Kí ni ó ń dé bá agbófinró tí ó tú àṣírí?

Ìjìyà rẹ̀ máa ń tètè dé ju ìyìn rẹ̀ lọ. Frank Serpico, ọlọ́pàá New York, fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún àwọn ọ̀gá pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ibi. Wọ́n kàn ń tì í láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn ní ọdún 1970 ni ìlú náà tó gbé Ìgbìmọ̀ Knapp kalẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1971, wọ́n yìnbọn lù ú lójú níbi tí wọ́n ti lọ mú oníṣòwò oògùn olóró. Ó yè é, ó sì jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ náà ní ìparí ọdún yẹn.

Ìgbìmọ̀ yẹn pín àwọn tí ń gba rìbá sí ọ̀nà méjì. Àwọn “ajẹran” ni ó ń fi ipò wọn wá owó kiri; àwọn “ajẹko” kàn ń gba ohun tí ó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni. Ìgbìmọ̀ náà sọ pé àwọn ajẹko ni wàhálà tí ó le jù, nítorí pé iye wọn ni ó sọ rìbá di ohun iyì tí ẹni tí kò gbà sì di ọ̀dàlẹ̀.

Bí agbófinró bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ Brady ti ọdún 1963 àti Giglio ti ọdún 1972 mú un ní dandan kí agbẹjọ́rò ìjọba fún olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀rí tí ó lè dá a láre, àti ohun tí ó lè mú kí wọ́n ṣiyèméjì ẹlẹ́rìí. Ọlọ́pàá tí wọ́n ti rí irọ́ nínú fáìlì rẹ̀ di ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé pè mọ́, ọlọ́pàá tí kò sì lè jẹ́rìí kò lè ṣe iṣẹ́ náà tán.

Irọ́ náà kì í sì í dúró síbi kan. Nígbà tí ọlọ́pàá kan ní ẹ̀ka Rampart ní Los Angeles jẹ́wọ́ ní ọdún 1999 pé àwọn máa ń gbé ẹ̀rí èké kalẹ̀, ìdálẹ́bi tí wọ́n wọ́gi lé lẹ́yìn náà ju 100 lọ.

Ẹ̀sùn pọ̀ nínú fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó fìdí múlẹ̀. Kí ni ká sọ?

Ẹ̀sùn kan lè jẹ́ irọ́, agbófinró tí ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò tí ó le yóò sì gba ẹ̀sùn ju akọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá jọra tí wọ́n sì ti ẹnu àwọn tí kò mọ ara wọn wá, fáìlì náà ń sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ Christopher yẹ ẹ̀sùn ìlòkulò agbára tí wọ́n fi kan ọlọ́pàá Los Angeles láàrin ọdún 1986 sí 1990 wò. Nínú nǹkan bí 1,800 ọlọ́pàá, èyí tí ó ju 1,400 ni kò ní ju ẹ̀sùn kan tàbí méjì lọ. 44 ni ó ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyìn ni ó kún inú ìwé tí àwọn ọ̀gá kọ nípa àwọn 44 yìí.

Ti Chauvin kò yàtọ̀. Ní ọdún 19 tí ó lò, ó kéré tán ẹ̀sùn 17 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, tí wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ jùlọ rẹ̀ dé láìsí ìbáwí. Ẹni tí wọ́n wá fi ọmọ tuntun lé lọ́wọ́ láti kọ́ níṣẹ́ nìyẹn.

Bí ó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìwádìí tó parí ńkọ́?

Ihò tí ọ̀pọ̀ ń gbà bọ́ nìyí. Bí ìwádìí bá kú ní ọjọ́ tí ó kọ̀wé náà, fáìlì rẹ̀ yóò mọ́ tónítóní, iléeṣẹ́ mìíràn yóò sì gbà á. Ọlọ́pàá tí ó yìnbọn pa ọmọ ọdún 12 kan ní Cleveland ní ọdún 2014 ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan ṣáájú, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yẹ fún iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó gbà á ní Cleveland kò ka fáìlì yẹn. Wọ́n lé e ní ọdún 2017, kì í ṣe nítorí ìbọn náà, bí kò ṣe nítorí ohun tí kò sọ ní òtítọ́ nínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀.

Ohun méjì ni ó ń dí ihò náà. Àkọ́kọ́, kí òfin jẹ́ kí ìgbẹ́jọ́ ìbáwí máa bá a lọ bí ẹni náà tilẹ̀ ti lọ. Èkejì, kí orúkọ àwọn tí wọ́n lé wà nínú ìwé kan tí gbogbo iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò kí wọ́n tó gba ènìyàn. England àti Wales ti ń ṣe méjèèjì láti oṣù Kejìlá ọdún 2017.

Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ṣé ìjíhìn ṣì ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í pé. Láàrin ọdún 1972 sí 1991, Jon Burge, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Chicago, àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ fi ìyà jẹ ọkùnrin tí ó ju 100 lọ, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, kí wọ́n lè jẹ́wọ́ ọ̀ràn. Wọ́n fi iná mànàmáná kàn wọ́n lára, wọ́n sì fi ọ̀rá bò wọ́n lórí. Wọ́n lé Burge ní ọdún 1993. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi máa ṣe tán, àkókò tí òfin gbà láti pè é lẹ́jọ́ ìfìyàjẹni ti kọjá.

Irọ́ ni ó mú un nígbẹ̀yìn. Ó búra nínú ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú kan pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ìyà náà, ìbúra yẹn ni ilé ẹjọ́ sì fi dá a lẹ́bi ní ọdún 2010. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n fún un, wọn kò sì gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ ìlú Chicago ya mílíọ̀nù dọ́là 5.5 sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó jìyà náà, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìtàn náà. Ní ọdún yẹn, àwọn kan lára àwọn tí ó jẹ́wọ́ lábẹ́ ìyà náà ṣì wà lẹ́wọ̀n.